Ọwọ́ Ń Hun, Etí Ń Gbọ́: Ṣé Àfojúdi Ni?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n mo ti rí i tí ó dá awuyewuye sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ìpàdé àdúgbò. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: bí oníwàásù bá ń wàásù, tàbí bí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ bá ń sọ̀rọ̀ níwájú, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tó jókòó sílẹ̀ máa fi òwú hun fìlà tàbí súwẹ́tà? Ṣé àfojúdi ni, àbí iṣẹ́ ọwọ́ lásán tí kò pa ẹnikẹ́ni lára?

N kì bá tí dá sí ọ̀rọ̀ yìí, bí kò ṣe pé èmi fúnra mi ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí, tí n kò sì dá a re.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ilé-ìwé kan níhìn-ín ní agbègbè Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, a pe bàbá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kí ó wá bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀ lórí àlọ́ àpagbè. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà, iná mànàmáná ti lọ, fáànù kò sì yí. Bí bàbá ti ń sọ̀rọ̀ ni mo rí ọmọbìnrin kan láti SS2 tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo rọra sún mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ oníkọ́ kan àti òwú wúùlù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fìlà ọmọ tuntun ló ń hun. Mo na ọwọ́, mo fa á gbà. Nínú fífà yẹn, abẹ́rẹ́ yọ kúrò, òwú sì bẹ̀rẹ̀ sí tú ní ìlà kọ̀ọ̀kan títí ohun tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di fìlà fi padà di okùn lásán.

Ọmọ náà kò sunkún. Ohun tó sọ kò ju "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ń gbọ́" lọ.

Mo dá a lóhùn pé, "Ṣé ọwọ́ ni o fi ń gbọ́ ni?" Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé mo ti fi ọmọ tí kò mọ bí a ti ń jókòó níwájú àgbà hàn.

Ní ọjọ́ kejì mo wọ kíláàsì wọn. Mo ní kí wọ́n sọ fún mi ìdí mẹ́ta tí àlejò wa sọ pé orin fi máa ń wà nínú àlọ́ àpagbè. Kíláàsì dákẹ́ lọ gbári. Àwọn tó ká ọwọ́ sórí àyà lánàá ń wo òkè àjà. Ọmọbìnrin yìí nìkan ló na ọwọ́. Ó ní bàbá sọ pé orin ń jí ọmọ tí oorun fẹ́ gbé lọ. Ó ní orin ni ẹni inú àlọ́ fi ń sọ ohun tí kò lè fi ẹnu lásán sọ. Ó ní orin ló sì ń sọ ẹni tó ń gbọ́ àlọ́ di ọ̀kan nínú àwọn tó ń pa á. Ó tò wọ́n bí bàbá ti tò wọ́n gan-an. Ó tún gbé orin tí bàbá kọ wá sí wa létí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé, kí ni mo rò pé mo ń gbà là nígbà tí mo fa òwú yẹn tú?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sílé. A máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé jíjókòó láìmi ọwọ́ nígbà tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́ àṣà Yorùbá láti ìwáṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí a bá yí ìyá mi àgbà ká lálẹ́, kò sí ọwọ́ tó máa ń dilẹ̀. Àwọn ọmọ ń pa ẹ̀gúsí, àwọn àgbà obìnrin ń ṣa ẹ̀wà tàbí kí wọ́n máa di irun ara wọn. Àwọn ìyá tó ṣáájú wọn a máa fi ìrànwú ran òwú bí ìtàn ti ń lọ. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ jáde, tí gbogbo wa sì mọ̀: a kì í pa ẹ̀kùrọ́ nídìí àlọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé òkúta tó ń pa ẹ̀kùrọ́ ń pariwo, ariwo rẹ̀ yóò sì bo ohùn apàlọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gúsí kò pariwo, nítorí náà wọ́n gbà á láàyè. Ẹ wò ó, àwọn ìyá wa kò dá ọwọ́ lẹ́bi. Ariwo ni wọ́n dá lẹ́bi.

Ohun kan ṣì wà tó jẹ́ kí ọwọ́ rí àyè ṣiṣẹ́. Ìgbọ́ràn nídìí àlọ́ kì í ṣe ìgbọ́ràn adákẹ́. Bí apàlọ́ bá pe "Ààlọ́ o," àwùjọ ní láti dáhùn "Ààlọ̀." Bí orin bá dé, wọ́n ní láti gbè é. Bí ègbè bá fà sẹ́yìn, apàlọ́ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé oorun ti gbé ẹnìkan lọ. Ẹnu ló ń jẹ́rìí pé etí ṣí sílẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó nílò láti máa ṣọ́ ọwọ́.

Ẹ̀yin tó ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní ọdún 1938, ẹ rántí bí ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà kan wá bá asọ̀tàn, ó sì ní kí ó mú ìwé àti gègé kí ó máa kọ ohun tí òun yóò sọ. Gbogbo ìrìn-àjò Àkàrà-ògùn ló dé ọ̀dọ̀ wa nítorí pé ọwọ́ olùgbọ́ kan kò dúró bí etí rẹ̀ ti ń gbọ́. Mo mọ̀ pé kíkọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú híhun fìlà, nítorí ohun tí à ń gbọ́ gan-an ni ọwọ́ akọ̀wé ń ṣe. Àmọ́ ó kéré tán, ó fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tó ń mì níwájú àgbà ló ń rí àgbà fín.

Níbo wá ni ìbínú wa ti wá? Èrò tèmi ni pé ìwàásù àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ sí àlọ́ ní ọ̀nà kan tó ṣe pàtàkì: wọ́n ti gba ègbè kúrò lẹ́nu olùgbọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì a ṣì ń ké "Halelúyà" àti "Àmín" lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè lo wákàtí kan gbáko láìgbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Kí ló kù fún un láti fi mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ òun ń wọlé? Ojú wa nìkan ni. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bàbá tó wá bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ti gbéra láti òwúrọ̀, ó ti wọ ọkọ̀ dé Máìlì Tú, ó ti fara da oòrùn. Bí ó bá gbé ojú sókè tí ó rí orí tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ àti ọwọ́ tó ń yí òwú, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé orí náà ń gba ọ̀rọ̀ òun sínú? Ìyẹn ni pé ẹni tó ń hunṣọ níbi ìwàásù lè máa gbọ́ ní tòótọ́, kí ó sì jẹ olùsọ̀rọ̀ ní gbèsè síbẹ̀. Ó gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fún un ní ojú.

N kò fẹ́ kí ẹ̀yin tó fẹ́ràn híhun òwú fojú kéré ìpalára yìí. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń ka ọwọ́ tó ń hunṣọ níbi ọ̀rọ̀ pàtàkì sí àmì ọkàn líle. Ní ilẹ̀ Faransé, nígbà ìyípadà ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ní 1789, àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n ń lọ jókòó síbi àpérò ìjọba, tí wọ́n ń hun òwú bí ọ̀rọ̀ ti ń lọ. Orúkọ tí a fi ń rántí wọn dòní, tricoteuses, láti inú iṣẹ́ híhun yẹn ló ti wá, ìtàn sì so wọ́n mọ́ ibi tí wọ́n ti ń bẹ́ ènìyàn lórí. Nígbà tí Charles Dickens kọ A Tale of Two Cities ní 1859, ó fi obìnrin kan síbẹ̀, Madame Defarge, tó ń hun orúkọ àwọn tí wọn yóò pa sínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lọ láìbìkítà nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà nílẹ̀ ni Dickens rí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì wà. Ní 2021, níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní Tokyo, kámẹ́rà gbé Tom Daley jáde, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bẹ́ sómi, níbi tó jókòó sí láàárín èrò tó ń fi abẹ́rẹ́ méjì hun òwú bó ti ń wo àwọn ẹlòmíràn tó ń díje. Ó ti gba wúrà tirẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Àwọn ènìyàn kò bínú sí i. Ńṣe ni wọ́n yìn ín pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó tún ti hun àpò kékeré kan fún àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ náà ti yẹ nǹkan tó jọ èyí wò. Ní 2009, Jackie Andrade ti Yunifásítì Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde. Ó kó ènìyàn 40 jọ, ó jẹ́ kí wọ́n tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù kan tí kò dùn ún gbọ́ rárá. Ó ní kí ìdajì wọn máa fi pẹ́ńsù kun àwọn àwòrán kéékèèké lórí ìwé bí wọ́n ti ń gbọ́. Nígbà tí ó bi gbogbo wọn léèrè, ohun tí àwọn tó ń kun àwòrán rántí fi ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù lọ. Ìwádìí kan ṣoṣo nìyẹn o, àwòrán ni wọ́n sì kùn, wọn kò hun òwú. N kò ní sọ pé ó ti parí ẹjọ́. Àmọ́ nígbà tí mo kà á, ojú ọmọbìnrin yẹn ló wá sí mi lọ́kàn.

Èmi náà mọ iṣẹ́ yìí. Nígbà tí mo wà nílé-ìwé girama ní àwọn ọdún 1980, wọ́n kọ́ àwa ọmọbìnrin bí a ti ń fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun ìbọ̀sẹ̀ ọmọ. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí nìyí: bí iṣẹ́ bá jẹ́ ìlà gbọọrọ tí kò yí padà, ọwọ́ ń ṣe é fúnra rẹ̀, ọkàn sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti gbọ́ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá dé ibi tí o ní láti máa ka ojú òwú, meji wọlé, ẹyọ kan jáde, tàbí ibi tí orí fìlà ti ń dín kù, oníwàásù lè fi iná jó pẹpẹ kí o má mọ̀. Ìyàtọ̀ gidi wà níhìn-ín. Iṣẹ́ tó ń béèrè ìṣirò ń jí etí gbé. Ẹni tó bá ń ka òwú kò lè máa ka ọ̀rọ̀.

Ibi tí a wà náà ṣe pàtàkì. Láàárín àwa Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì tí a jọ ń gbé Festac, òfin kò rí bákan náà. Nígbà tí Lèmọ́mù bá ń ka kútúbà Jímọ̀, kò sí àyè fún iṣẹ́ ọwọ́ kankan. Hádíìsì sọ pé ẹni tó bá wí fún ẹnìkejì rẹ̀ pé "Dákẹ́" lásìkò yẹn pàápàá ti ṣe ohun asán, ó sì ka fífi ọwọ́ ṣeré pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn. Bí òkúta wẹ́wẹ́ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ká sọ nípa abẹ́rẹ́ àti òwú? Ẹjọ́ ibẹ̀ ti parí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kò rí òfin tó ṣe kedere bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń fi Màríà àti Màtá inú Lúùkù orí 10 dá olùhunṣọ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n Màtá kò jókòó síbi ọ̀rọ̀. Ìyọnu iṣẹ́ púpọ̀ ló gbé e lọ síbòmíràn. Bí a bá sì ń wá ẹni tí ìwàásù kọjá lórí rẹ̀, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 20 fi Yútíkù hàn wá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó sùn lọ lójú fèrèsé nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń sọ̀rọ̀ títí di ọ̀gànjọ́, tó sì ṣubú láti àjà kẹta. Oorun ló gbé e ṣubú. Ta ló mọ̀ bóyá iṣẹ́ ọwọ́ kékeré kan ni ì bá jẹ́ kí ojú rẹ̀ là?

Ìlú tiwa yìí tún fi kún ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni, ṣùgbọ́n nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ti oṣù kìíní sí oṣù kejì ọdún 1977 ni wọ́n ṣe kọ́ Festac Town. Lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ tán, ó di ibùgbé fún Yorùbá, Ígbò, Ẹ̀dó, Ẹ̀fíìkì àti àwọn mìíràn. Ohun tí ilé kan kà sí àrífín, ilé kejì lè má kà á sí nǹkan kan. Níbi ìpàdé àwọn olùgbé àdúgbò kan tí mo wà, màmá kan ń hun súwẹ́tà ọmọ-ọmọ rẹ̀ de ìgbà ọyẹ́ bí alága ti ń sọ̀rọ̀ lórí ojú gọ́tà. Ọkùnrin kan bú ramúramù pé kí màmá gbé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Màmá wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, fóònù tí o ti ń tẹ̀ láti ìgbà tí a ti ṣe àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́?" Gbogbo ilé kú sí ẹ̀rín, ọkùnrin náà sì fi fóònù sí àpò.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni màmá sọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tó ń hun òwú ṣì wà nínú ilé pẹ̀lú wa. Ẹni tó ń tẹ fóònù ti jáde lọ, ara rẹ̀ nìkan ló fi sílẹ̀. Fóònù ń sọ̀rọ̀ sí ẹni tó mú un lọ́wọ́. Òwú kì í sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ a ti mọ́ fóònù lójú, a ò bínú sí i mọ́, ọmọbìnrin tó ń hun fìlà ni à ń lé.

Kí wá ni ẹ̀tọ́? Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn ọ̀dọ̀ mi, èyí ni mo rí. Ẹ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ibẹ̀, ìbáà ṣe olùkọ́, pásítọ̀ tàbí alága. Ẹni tó gbàyè kò fọwọ́ pa iṣẹ́ mọ́ sábẹ́ tábìlì bí olè. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sẹ́yìn, kí ọwọ́ yín má baà gba ojú àwọn ẹlòmíràn. Kí iṣẹ́ náà jẹ́ èyí tí kò pariwo, tí kò sì béèrè ìṣirò. Ẹ fi ibi tí a ti ń ka òwú sílẹ̀ di ilé. Ẹ gbé ojú sókè lóòrèkóòrè kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rí i, ẹ sì mi orí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí ègbè tí a gbà lẹ́nu yín, ojú yín ló ní láti gbè é. Bí àdúrà bá bẹ̀rẹ̀, bí ẹnìkan bá ń sunkún tàbí tó ń sọ̀rọ̀ òkú, ẹ gbé iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Bí wọ́n bá sì ní rárá, ẹ gbà bẹ́ẹ̀ láìjiyàn.

Ní ti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a bi ọmọ léèrè ohun tó gbọ́ kí a tó bi í léèrè ohun tó ń fọwọ́ ṣe. Bí ó bá lè sọ ọ́, ọ̀nà àtigbọ́ tirẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ gba òwú náà, ṣùgbọ́n ẹ gbà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ má tú u.

Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé fìlà tí mo tú yẹn, ẹnìkan ló fowó ṣáájú fún un fún ìsọmọlórúkọ ọjọ́ Sátidé. Ọjà Àgbójú ni ọmọ náà ti ń ra òwú, owó fìlà ló sì fi ń ra ìwé. Ó sùn pẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Tọ́sìdeè àti Fúráìdeè kó tó tún un hun. Mo pè é sí ọ́fíìsì, mo sì sọ fún un pé, "Mo ṣẹ̀ ọ́, má bínú." Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mà." Ojú tì í ju ojú ti tì mí lọ. Ṣùgbọ́n iwájú kíláàsì ni mo ti fi í ṣe ẹlẹ́yà, ìdákọ́ńkọ́ sì ni mo ti tọrọ àforíjì. Gbèsè náà kò tíì tán. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo ń fi ìwé yìí san díẹ̀ nínú rẹ̀.